Bí a ṣe ń di onímọ̀ ojú ọjọ́ tí ń ṣe ìwádìí omi

Lọ́dọọdún, kí òjò àrọ̀kúrò tó dé, àwọn tí ń ṣàkóso dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 ní ìhà àríwá Abẹ́òkúta, gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí wọ́n máa tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àyè lè wà fún èyí tí ń bọ̀, tàbí kí wọ́n fi í pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí Èkó àti Abẹ́òkúta yóò máa wá omi tí wọn yóò mu. Bí wọ́n bá tú u jù, ọ̀dá omi ń bọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì há a mọ́ jù, tí òjò ńlá wá dé lójijì, omi tí wọ́n bá fi tipátipá tú sílẹ̀ lè ya wọ ilé àwọn ará Ìṣẹ̀rí àti àwọn àdúgbò mìíràn ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn. Onímọ̀ ojú ọjọ́ tí ó fi omi ṣe àkànṣe iṣẹ́ ni ó ń wá ẹ̀rí tí a fi ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí ó ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún, àti ibi tí omi náà ń gbà lọ lẹ́yìn tí ó bá ti balẹ̀.

Ẹni tí ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe ju pé kí ó di ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti jọ́gíráfì mú ṣinṣin. Ní yunifásítì, FUTA ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka tí ó wà fún ìmọ̀ ojú ọjọ́, FUNAAB ní Abẹ́òkúta sì pa ìṣàkóso omi pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá rí àyè ní ibẹ̀, ẹ lè gba ọ̀nà físíìsì, jọ́gíráfì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọ̀nà, afárá àti dáàmù, nítorí pé gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń kó ènìyàn wọnú iṣẹ́ náà. Ní èrò tèmi, orúkọ ẹ̀ka kò ṣe pàtàkì tó bí ènìyàn ṣe gbọ́ ìṣirò tó: ẹni tí ó mọ ìṣirò tí kò tíì mọ nǹkan nípa odò yóò kọ́ ti odò láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn odò tí ó sì ń sá fún ìṣirò kì í lọ jìnnà.

Ìṣirò tí mo ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan tí ó rọrùn láti kọ, tí ó sì ṣòro láti wọ̀n. Nínú òjò tí ó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ kan, apá kan ń ṣàn wọ odò, apá kan ń rì wọ inú ilẹ̀, apá tí ó pọ̀ sì ń padà di oru láti ara ilẹ̀ àti láti ara ewé. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá iye òjò náà mu. Ibi tí ìyípadà ojú ọjọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé, bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, oru omi tí ó lè gbà yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí òjò ńlá fi lè túbọ̀ ńlá, tí ilẹ̀ sì fi lè tètè gbẹ láàárín òjò kan àti èkejì, ní ibì kan náà àti ní ọdún kan náà. Ẹ kọ́ Python tàbí R, tí wọ́n jẹ́ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè máa ṣe ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán ilẹ̀ tí kò gba owó, kí ẹ lè ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò kan.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ sí orí àwòṣe kọ̀ǹpútà, irú bí SWAT tí ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn lórí ilẹ̀, kí wọ́n tó mọ bí nọ́ńbà tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ṣe dé inú ìwé. Iṣẹ́ náà gan-an wà ní ibi àkọsílẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí ẹ lo àkókò tí ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ìwé òjò ilé iṣẹ́ ìwọ̀n-òjò kan, ẹ ó rí àwọn ọjọ́ tí a kò kọ nǹkan kan sí. Àlàfo kì í ṣe òdo: òdo túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ yẹ ohun èlò wò tí kò bá omi nínú rẹ̀, àlàfo sì lè túmọ̀ sí pé kò wá, tàbí pé ohun èlò ti bàjẹ́, tàbí pé ojú ìwé náà ti sọnù. Ẹni tí ó bá fi òdo dí gbogbo àlàfo yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀dá tí kò ṣẹlẹ̀ rí sílẹ̀. Bákan náà, òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ka òjò, nítorí náà òjò tí ó rọ̀ ní alẹ́ àná lè wà lábẹ́ ọjọ́ òní, nígbà tí àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tirẹ̀ láti ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ fi ilé iṣẹ́ kan wé àwọn tí ó yí i ká. Bí ọ̀kan bá ṣàdédé yàtọ̀ láti ọdún kan lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbé ohun èlò rẹ̀ kúrò, tàbí igi ńlá ti hù bò ó, kí ẹ tó kéde pé ojú ọjọ́ ti yí padà.

Ti odò tún le ju ti òjò lọ. Wọn kì í sábà wọn iye omi odò fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Gíga omi ni wọ́n ń kà lára òpó tí a fàlà sí, wọn a sì wá iye tí ń kọjá nínú rẹ̀ nípa ìbáṣepọ̀ tí a ti ṣírò tẹ́lẹ̀ láàárín gíga àti ìṣàn. Bí ìsàlẹ̀ odò bá yí padà, ìbáṣepọ̀ yẹn ti di asán títí a óò fi wọ̀n ọ́n tuntun. Lórí Odò Ògùn, níbi tí àwọn awayanrìn ti ń kó yanrìn lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ ní láti dé etí odò náà fúnra yín kí ẹ tó gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́.

Nítorí àwọn àlàfo wọ̀nyí ni àkọsílẹ̀ láti òkè fi wúlò. CHIRPS, tí ó pa ohun tí sátẹ́láìtì rí pọ̀ mọ́ ìwọ̀n orí ilẹ̀, ní òjò láti ọdún 1981, ẹ sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn sátẹ́láìtì GRACE, tí wọ́n gbéra ní ọdún 2002, àti àwọn arọ́pò wọn tí wọ́n gbéra ní 2018, ń fi ìyípadà agbára tí ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra mọ bí omi ṣe ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín kù lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni wọ́n ń wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọn kò lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí kànga ìlú kan ṣoṣo.

Ìbàdàn yóò kọ́ yín ní bí a ṣe ń ṣọ́ra nípa ẹ̀bi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, Odò Ògùnpa ya bo ìlú náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, òjò tí ó ju mílímítà 180 lọ tún rọ̀, àwọn afárá wó, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Oṣù tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ìhà wa ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Ó yá àwọn mìíràn lára láti di gbogbo rẹ̀ ru ìyípadà ojú ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé wà ní bèbè odò, pàǹtí dí ojú àgbàrá, páànù àti sìmẹ́ńtì sì ti bo ilẹ̀ tí ó máa ń fa omi mu. Iṣẹ́ yín ni láti ya ìpín òjò sọ́tọ̀ kúrò lára ìpín àwa ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́wọ́ pé àkọsílẹ̀ ọdún 40 kò lè fi ìdánilójú sọ bí omíyalé tí ń wá lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún yóò ti tóbi tó. Owó ńlá dúró lórí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn.

Oyè àkọ́kọ́ nìkan kì í sábà tó. Ètò WASCAL, tí ìjọba Jámánì ń ṣe ìrànwọ́ owó fún, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ti Àkúrẹ́ dá lórí ojú ọjọ́ agbègbè wa, ti Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin sì dá lórí ìyípadà ojú ọjọ́ àti omi. Ní Benin náà ni odò Ouémé wà, tí àwọn onímọ̀ ti ń wọn apá òkè rẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì dára fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ́ èdè Faransé díẹ̀ pẹ̀lú. Láìsí i, ìlẹ̀kùn AGRHYMET, ibùdó ẹ̀kọ́ àti ìwádìí nípa ojú ọjọ́, omi àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Niamey, àti ti ọ̀pọ̀ àjọ tí ń bójú tó odò tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ní, yóò ṣòro láti wọ̀.

Nílé, NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ojú ọjọ́, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò lọ́dọọdún, NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ omi, ń sọ ti omíyalé, àjọ tí ń bójú tó Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ má dúró de ìkéde iṣẹ́. Ẹ mú odò kan tí ẹ lè dé, ẹ gba òjò CHIRPS ti ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fi wé ìwé òjò ilé iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ojú ìwé mẹ́rin péré nípa ibi tí méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí wọn kò ti fohùn ṣọ̀kan. Ẹ so ó mọ́ lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí ẹ sì fi àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà tí ẹ lò sí i, kí ẹni tí ó bá gbà á lè tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀.