Bí mo ṣe gbé táńkì omi òjò kalẹ̀ ní Tucson

Òjò tó ń rọ̀ ní Tucson, ní Arizona, kò ju bíi mìlímítà 270 lọ lọ́dún, èyí tó sì lé ní ìdajì rẹ̀ ń rọ̀ láàárín 15 oṣù kẹfà sí 30 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ ìlú náà, odò Colorado ló ti ń wá, inú kánáàlì tó gùn tó kìlómítà 540 ló ń gbà. Ní oṣù kẹjọ 2021, ìṣirò fi hàn pé ojú omi adágún Mead, ibi tí wọ́n ń tọ́jú omi odò náà sí, yóò fà wálẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 1,075 sókè ojú òkun kí 2022 tó wọlé, ni ìjọba bá kéde àìtó omi lórí odò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo pinnu pé omi òjò ni àwọn igi ọsàn mi yóò máa mu.

Ilẹ̀ tí òrùlé bò ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má wọn dídagun páànù. Tèmi jẹ́ mítà 6 ní ìbú, mítà 10 ní gígùn. Òjò mìlímítà 25 á fún mi ní lítà 1,500. Tí mo bá yọ èyí tó ń ta dànù àti èyí tó ń gbẹ sórí páànù, ó ku nǹkan bíi 1,275.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo fi yan ìwọ̀n táńkì, kì í ṣe òjò ọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ 13, òjò lè má kán. Igi kéékèèké mẹ́ta, lítà 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀: 1,950 nìyẹn. Mo ra oní-lítà 3,000, torí omi tó wà nísàlẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ kì í jáde. Dúdú ni mo rà, kí oòrùn má baà sọ omi di aláwọ̀ ewé. Tó bá kún, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni, nítorí náà mo da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ̀ntímítà 10 síbi tó máa jókòó, mo gún un títí tó fi tẹ́jú.

Omi àkọ́rọ̀ ló gba iṣẹ́ jù. Eruku oṣù mẹ́ta àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń kó wálẹ̀, nítorí náà lítà 30 àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Páìpù ínǹṣì mẹ́rin ń gba nǹkan bíi lítà 8 ní mítà kan. Mo so méjì tó gùn ní mítà méjì-méjì mọ́ra, mo dé ìsàlẹ̀ wọn, mo sì lu ihò tín-ínrín sí ìdérí kí omi náà lè kán tán kí òjò mìíràn tó dé. Ihò yẹn dí lẹ́yìn òjò kejì. Eruku ti di ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, páìpù kún síbẹ̀, ìdọ̀tí òjò kẹta sì wọ táńkì tààrà. Mo gé ìdérí tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kúrò, mo fi èyí tó ṣeé yí ṣí sí i. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ ibẹ̀.

Òjò ibẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ ó máa ń dà ni. Mìlímítà 25 lè rọ̀ láàárín wákàtí kan. Páìpù tí omi ń gbà ṣàn jáde tí táńkì bá kún kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tó ń gbà wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gba orí táńkì, á wọ́ òkúta ìsàlẹ̀ lọ. Ínǹṣì mẹ́rin ni méjèèjì tèmi, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kí 15 oṣù kẹfà tó pé lọ́dọọdún, mo máa ń kó gọ́tà òrùlé, mo máa ń ṣí ìdérí náà fọ̀, mo sì máa ń yẹ nẹ́ẹ̀tì wò bóyá oòrùn ti jẹ ẹ́.