Kí Ẹ Tó Náwó sí Fídíò Ìtàn Amẹ́ríkà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan fi àwòrán 20 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó fẹ́ ṣe fídíò lédè Yorùbá nípa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé Virginia lọ́dún 1607. Ó ti sanwó fún ayàwòrán tán, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó." Àwọn àwòrán náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nínú èyí àkọ́kọ́, ọba àwọn onílẹ̀ gun ẹṣin, ó dé adé ìyẹ́ idì tó gùn dé ìdí rẹ̀, àgọ́ aláwọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́fà sì tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú pápá gbalasa. Mo wo gbogbo ogún rẹ̀ tán, mo gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó ṣeé lò. Owó ọmọ ọlọ́mọ ti bómi lọ.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ ìtàn fún rédíò àti fídíò lédè wa, ìtàn bí àwọn Òyìnbó ṣe kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ló sì wọ̀ mí lára jù. Inú mi dùn pé àwọn ọ̀dọ́ ń wọ iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe látọdúnmọ́dún, owó gidi ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mi ò ní máa sọ ẹni tí Columbus jẹ́ fún yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ibi tówó ń gbà lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Àṣìṣe kìíní: aṣọ kan fún gbogbo onílẹ̀.

Àwọn ará Sípéènì ló kó ẹṣin wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Jamestown, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Virginia, ní May 1607, kò sí onílẹ̀ kankan ní agbègbè yẹn tó ń gun ẹṣin. Adé ìyẹ́ gígùn àti àgọ́ aláwọ jẹ́ ti àwọn ènìyàn inú pápá, irú bí àwọn Lakota, tí ibùgbé wọn jìnnà réré sí Virginia. Tsenacommacah ni àwọn onílẹ̀ Virginia ń pe ilẹ̀ tiwọn, inú igbó àti etí odò ni wọ́n sì ń gbé. Ilé wọn gùn, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ahun: igi tútù ni wọ́n ń tẹ̀ fi ṣe egungun ilé, wọn a wá fi ẹní tàbí èèpo igi bò ó. Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wà. Wọ́n ń fi iná jó inú ìtì igi, wọn a sì fi ìkarahun ha á títí yóò fi di ihò. Wọ́n ń gbin àgbàdo, erèé àti elégédé. Bí ẹnì kan bá ya Aláàfin pẹ̀lú aṣọ Zulu, gbogbo wa la máa pariwo. Ẹ bá àwọn náà pariwo.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ máa pè wọ́n ní "ará Íńdíà". Ẹ lo orúkọ ẹ̀yà: Taíno (erékùṣù Caribbean), Mexica (Mẹ́síkò, àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Aztec), Wampanoag (Massachusetts), Lenape (agbègbè New York), Pamunkey (Virginia). Bí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ àwọn ènìyàn tó wà ní ibi tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò tíì yá láti pe ayàwòrán.

Àṣìṣe kẹta: Columbus "ṣàwárí" Amẹ́ríkà. Ní October 12, 1492, erékùṣù kan ní Bahamas tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Guanahaní ló dé. Kò fẹsẹ̀ tẹ Virginia, New York tàbí Florida títí ó fi kú ní 1506. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà sì mọ̀ pé ayé rí roboto. Bó ṣe tóbi tó ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Bákan náà, àwọn ọlọ́kọ̀ láti ìhà àríwá Yúróòpù ti gé igi ní L'Anse aux Meadows, ní Kánádà, lọ́dún 1021.

Ẹ má sì ya àwọn Taíno bí ẹni tó kàn jókòó sábẹ́ igi tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń rin gbágùúdá, wọ́n ń fún omi olóró inú rẹ̀ dànù nínú àpò tí wọ́n hun, wọn a wá yan án lórí agbada amọ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó ń yan gààrí rí, ó ti mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbágùúdá, àgbàdo, ata, tòmátì, ẹ̀pà àti tábà ti wá dé ọ̀dọ̀ wa.

Àṣìṣe kẹrin: Pocahontas, ọmọ olórí àwọn onílẹ̀ Virginia, àti John Smith, ọ̀kan lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì Jamestown.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lọ́dọọdún ni ẹnì kan ń gbé e wá fún mi pé òun ti kọ eré ìfẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwé kan ran aṣọ ìgbéyàwó funfun fún ọmọbìnrin kan, wọ́n ran kóòtù fún ọmọkùnrin kan, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó Smith pẹ̀lú Pocahontas lórí ìtàgé níwájú àwọn òbí. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí.

Ọdún 1596 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà. Amonute lorúkọ rẹ̀, ó tún ní orúkọ kọ̀rọ̀ tí í ṣe Matoaka. Orúkọ ìnagijẹ ni Pocahontas. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín àbísọ, oríkì àti àdàpè, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Bàbá rẹ̀ ni Wahunsenacawh, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Powhatan, olórí tí nǹkan bí ẹ̀yà 30 wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀ mú Smith ní December 1607, ẹni ọdún 27 ni. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọdún 11 lọ. Ọmọ ọdún 11! Ẹ wo ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ girama kí ẹ tó kọ orin ìfẹ́ sí i lẹ́nu.

Èmi náà ti kọ ọ́ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ eré orí rédíò kan tí àwọn méjèèjì ti ń kọrin síra wọn létí odò. A gba situdíò, a sanwó fún òṣèré mẹ́rin àti onígìtá kan. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ pè mí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yẹn nígbà náà?" Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo wá a kàn, mi ò lè sùn. Mo pe àwọn òṣèré náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀ wọ́n. Títí dòní, tí mo bá rántí orin yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ìtàn pé ọmọ náà gbé orí lé orí Smith kí wọ́n má baà fọ́ ọ ní kùmọ̀ ńkọ́? Smith tẹ ìwé jáde ní 1608, kò sí ìtàn náà níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1624 ló ti sọ ọ́ ní kíkún. Ọmọbìnrin náà ti kú nígbà náà, bàbá rẹ̀ náà ti kú. Àwọn onímọ̀ kan ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètùtù tí wọ́n fi ń sọ àlejò di ọmọ ilé ni, àwọn mìíràn ní kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ dájú burú ju eré lọ. Ní 1613, ọ̀gákọ̀ kan, Samuel Argall, tan ọmọbìnrin náà wọ inú ọkọ̀, ó sì mú un ní ohun ìdógò. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ padà, kó dá ohun ìjà padà, kó sì fi àgbàdo kún un. Ìgbèkùn yẹn ló wà tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Rebecca. Ní April 1614, ó fẹ́ John Rolfe, àgbẹ̀ tábà. Wọ́n mú un lọ sí London ní 1616. Smith wá kí i ní Brentford, nítòsí London, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀: obìnrin náà yí ojú kúrò, ó bo ojú rẹ̀, kò dá a lóhùn fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Nígbà tó la ẹnu, ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé Smith ti kú. Ní March 1617, wọ́n sin ín sí Gravesend. Kò ju ẹni ọdún 21 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá eré, ẹ ò ha rí i níbẹ̀? Ẹ ya yàrá yẹn ní Brentford, ẹ ya obìnrin tó yí ojú kúrò.

Ó kan àwọn tó ń sọ pé ìwọ̀nba ọmọ ogun Sípéènì ló dá ilẹ̀ Mẹ́síkò gbà. Nǹkan bí ọmọ ogun 500 ni Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, kó dé ní 1519. Nígbà tí Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Mexica, fi máa ṣubú ní August 13, 1521, ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílẹ̀ ló ń bá a jà, àwọn ará Tlaxcala ló ṣíwájú, tí àwọn Mexica ti ń ni lára tipẹ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àrùn ìgbóná ti wọ̀lú ní 1520, ó pa Cuitláhuac tó jọba lẹ́yìn Moctezuma, ọba àwọn Mexica. Ẹ̀yin tí ilé yín kì í fẹnu lásán pe orúkọ Olóde, ẹ ó mọ bí ìlú tó wọ̀ ṣe máa ń rí.

Ẹ sì yé gba òṣèré kí Cortés àti Moctezuma máa bára wọn tàkúrọ̀sọ bí ará ilé. Níbẹ̀rẹ̀, Cortés sọ̀rọ̀ lédè Sípéènì, Gerónimo de Aguilar yí i sí èdè Maya, obìnrin kan tí wọ́n fi tọrẹ, Malintzin, wá yí i sí Nahuatl, èdè àwọn Mexica. Bí èsì náà ṣe ń padà nìyẹn. Ẹ fi ògbufọ̀ méjèèjì sínú eré, yóò dùn ju bó ṣe wà lọ.

Èyí tó kàn wá gan-an: ọdún 1619. Ẹnì kan ti gba onílù bàtá mẹ́ta fún fídíò àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n kó dé Virginia, ó ti kọ oríkì Ṣàngó sínú rẹ̀. Mo ní kó sinmi. Àwọn tó lé ní 20 tí ọkọ̀ White Lion kó dé Point Comfort ní ìparí August 1619, inú ọkọ̀ Pọtogí tó ń bọ̀ láti Angola ni wọ́n ti fipá gbà wọ́n. Ìhà Ndongo, ìjọba kan ní Angola, la gbà pé ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn tiwa tí wọ́n kó lọ pọ̀ ní Bahia àti Cuba, wọ́n sì pọ̀ jù lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó ju 150 ọdún lọ lẹ́yìn náà. Ó dùn mí bó ṣe dun ọ̀gá yẹn, ṣùgbọ́n a kò lè gba ẹkún ọlọ́kún sun.

Manhattan, erékùṣù New York tí àwọn ará Netherlands ní àwọn rà: guilder 60, owó tiwọn, ló wà nínú lẹ́tà ọdún 1626, ẹ yéé kọ "dọ́là 24". Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé àwọn Lenape rò pé ẹ̀tọ́ láti jọ lo ilẹ̀ ni àwọn fún àlejò. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ yóò tètè mọ ibi tí èdè-àìyedè ti wọlé.

Ẹ tún máa ń ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì Jamestown ní sísanra, aṣọ wọn mọ́ tónítóní. Àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 104 tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1607, nǹkan bí 38 ló ṣẹ́kù ní January tó tẹ̀ lé e. Lásìkò òtútù 1609 sí 1610, nǹkan bí 300 ni wọ́n, nǹkan bí 60 ló là á já. Ní 2012, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ọmọbìnrin kan níbẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún 14, tí àmì ọ̀bẹ wà lórí agbárí rẹ̀: ebi ti mú kí wọ́n jẹ òkú rẹ̀. Àgbàdo àwọn onílẹ̀ ló gbé wọn ró nígbà tí wọ́n bá rí i gbà, tàbí tí wọ́n bá fipá gbà á.

Èyí tó kù ni gbólóhùn tí gbogbo yín fi ń parí fídíò, pẹ̀lú fèrè arò: "Báyìí ni wọ́n ṣe pa rẹ́." Ta ló pa rẹ́? Àwọn Wampanoag ṣì wà ní Massachusetts. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun mọ àwọn Pamunkey ní ẹ̀yà, ó mọ ẹ̀yà mẹ́fà mìíràn ní Virginia ní 2018. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn Pamunkey àti Mattaponi ń gbé àgbọ̀nrín lọ fún gómìnà ní Richmond, wọ́n ń mú àdéhùn tí àwọn baba wọn ṣe ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ṣẹ. Àwọn Pamunkey ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin tó fi àwòrán 20 ránṣẹ́ ti tún mẹ́ta yà. Èyí tó fi ránṣẹ́ lánàá, ilé gígùn kan ni, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan ń gún àgbàdo nínú odó igi níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì dúró tì í, ó di ọmọ odó mú. Mo ní kó yọ ẹ̀gbà wúrà tó fi sí ọmọ náà lọ́rùn, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun sí i.