Bí A Ṣe Ń Yẹ Sípánà Olówó Pọ́ọ́kú Wò Kí A Tó Rà Á

Ẹni tó bá fẹ́ ra irinṣẹ́ mẹkáníìkì lówó pọ́ọ́kú ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Àràrọ̀mí lẹ́bàá Agodi Gate, ì báà jẹ́ ní Ògùnpa, kí ó fi bóòtì kan tí igun orí rẹ̀ kò tíì jẹ sínú àpò kí ó tó kúrò nílé. Bí ọkọ̀ Toyota ni ẹ ń tún ṣe, ẹ mú bóòtì tó ń lo sípánà 12 (ìyẹn mìlímítà 12). Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ Jámánì, ẹ mú ti 13. Bóòtì yìí ni ẹ ó fi mọ òótọ́, nítorí pé dídán tí irinṣẹ́ ń dán kò sọ nǹkan kan nípa irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ẹnu sípánà há orí bóòtì náà, kí ẹ sì rọra mì ín sọ́tùn-ún àti sósì. Yóò mì díẹ̀, torí pé bí kò bá sí àyè rárá kò ní wọlé; ṣùgbọ́n bí àyè náà bá pọ̀ débi pé orí igun nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń gbé lé, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Owó mi ni mo fi kọ́ èyí. Mo ra sípánà 14 kan tó ń dán bí dígí, mo sì fi ń tú bóòtì bíréèkì Corolla. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń là, ó sì yọ̀ bọ̀rọ́, ó fá igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí orí bóòtì náà fi di roboto. Ilẹ̀ ṣú kí n tó rí i yọ.

Wọ́n sábà máa ń fín «Chrome Vanadium» sára sípánà. Irin tí wọ́n pò mọ́ chromium àti vanadium bẹ́ẹ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè fín ọ̀rọ̀ náà sára irin lásán. Nítorí náà, ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo ná, kí ẹ gbé e délé, kí ẹ fi fáìlì ra inú ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́ bí ó ṣe ń jẹ ìṣó, irin náà rọ̀ jù, ẹ má sì padà lọ ra ìyókù. Bákan náà, ibi tí kúrómù, ohun dídán tí wọ́n fi bo irin náà, bá ti ń bó máa ń mú bí abẹ, ó sì lè gé ọwọ́.

Ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, onígun mẹ́fà ni kí ẹ mú, kì í ṣe onígun méjìlá, nítorí ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ orí bóòtì ni onígun mẹ́fà ń dì mú ju igun rẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ láti òkè: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni yóò ti là. Ní ti ratchet, ọwọ́ tí a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, eléyín 72 ń yí ní ìwọ̀n dígírì 5 sí 5, ó sì wúlò níbi tó há, ṣùgbọ́n eyín kéékèèké tí wọn kò ṣe dáadáa máa ń tètè fò; nínú olówó pọ́ọ́kú, eléyín 24 tàbí 36 ni èmi ń rà. Yíyẹ púláyà wò kò le: ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe gba orí ẹnu rẹ̀ kọjá.

Bí iye owó bá jọra, mo fara mọ́ tòkunbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì jẹ ju tuntun tí a kò mọ̀ lọ. Fún Toyota, ẹ kọ́kọ́ ra 10, 12, 14 àti 17 tó dára, kí ẹ fi àpótí ńlá tó kún fún oríṣiríṣi sílẹ̀ ná.