Bí Mo Ṣe Kọ Ọ̀rọ̀ Òṣómàáló ní Ohùn Ẹnu Mi

Ohun tí mo fẹ́ kọ kò ju ojú ìwé méjì lọ: òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láwìn láti Iléṣà dé ìlú onílùú. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi” ló di orúkọ. Kò sí ọmọ Iléṣà tí kò gbọ́ ọ rí, ohun tó sì mú un le láti kọ nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, èdè ìwé iléèwé ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́wọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ni: “Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ẹ̀yà kan pàtàkì láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí a mọ̀ fún òwò ṣíṣe.” Irọ́ kò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò dé Iléṣà rí náà lè kọ ọ́. Mo pa á rẹ́, mo gbé bírò sílẹ̀, mo mú fóònù, kí n lè kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́, kí n gba ohùn náà sílẹ̀, kí n tó dà á kọ.

Kí n tó lanu, mo yan ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú èdè wa, torí ẹni náà ló máa sọ bóyá “o” ni a ó lò tàbí “ẹ”. Ẹni tí kò bá yan, á kọ “ẹ mọ̀ pé” ní ìpínrọ̀ kìíní, á dé ìkẹta, á kọ “ṣé o rí i”. Òǹkàwé ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń kí òun ni àbí wọ́n ń bú òun. Mo yan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé. “Ẹ” ni látòkèdélẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé àwìn fún un, ṣùgbọ́n mo ní láti rán an létí bí ọ̀nà ṣe rí.

Ó kan gbígba ohùn. Mo ti fèrèsé, mo dúró kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kú. Mo gbé fóònù sórí aṣọ tí mo ká, torí bó bá wà lórí tábìlì gbalasa, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kan tábìlì ni ariwo ń wọ inú ohùn. Ó jìnnà sí ẹnu mi tó ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín nígbà tí a bá na ọwọ́. Bó bá sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀, “b” àti “gb” á máa bú. Mo pa ìpè, nítorí ìpè kan ṣoṣo lè gé ohùn náà sí méjì. Mi ò kọ ohun tí màá kà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ sórí bébà: aṣọ, ẹnu ọ̀nà, òjò.

Mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 12. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kò wúlò rárá, ohùn oníròyìn rédíò ni. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, nítorí náà mi ò dá a dúró kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá a dúró, orí ìṣẹ́jú méjì yẹn ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Dídà á kọ ló gba àkókò: wákàtí kan ààbọ̀. Mò ń gbọ́ gbólóhùn kan, mò ń dá a dúró, mò ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, títí kan “àbí”, “jàre” àti “ẹ̀hẹ́n”. Ó tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,300, mo sì gé e dé 600. Ibi gígé yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, torí wọ́n á yọ gbogbo àtúnsọ. Àtúnsọ méjì ló wà. “Nǹkan yẹn, nǹkan yẹn” jẹ́ pé mò ń wá ọ̀rọ̀. Mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n “ó jókòó, ó jókòó, ó jókòó, oòrùn kan àtàrí”, mi ò fọwọ́ kàn án. Bí a bá sọ ọ́ di “ó jókòó fún ìgbà pípẹ́”, òǹkàwé ò bá a jókòó mọ́.

Gẹ́ẹ́sì tó gbé aṣọ Yorùbá wọ̀ náà yọ́ wọlé, kì í ṣe láti ẹnu, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tẹ̀ ni. “Ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé” di “ẹ jẹ́ n sọ kiní kan fún yín”. “Wọ́n kó ipa pàtàkì nínú ọrọ̀ ajé” kò ní àtúnṣe. Mo wọ́ ọ dànù, mo kọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an: wọ́n gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Fóònù dúró ní fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ máa pè é ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, kó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà ná.

Òwe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo yọ mẹ́ta, mo fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó ti ẹnu mi jáde nígbà tí mò ń gba ohùn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mò ń bá sọ̀rọ̀, “tótó ó ṣe bí òwe” tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka èdè wa ńkọ́? Yorùbá ìwé kì í fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà sì ń pe ilé ní ulé. Mo jẹ́ kí ulé wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ, mo fi Yorùbá àjùmọ̀lò ro ìtàn yòókù.

Onígbèsè tí mo mẹ́nu bà nínú ìtàn náà, yíyí orúkọ rẹ̀ nìkan ò tó. Ní ìlú tí gbogbo wa mọra, iṣẹ́ àti àdúgbò náà ń tú àṣírí, nítorí náà mo yí méjèèjì.

Àmì ohùn ló kẹ́yìn, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, “o fi owo naa sile” láìlámì lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò, ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi Yorùbá kún èdè tó wà lórí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé orí fóònù mi. Bí a bá tẹ fáwẹ̀lì mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì rẹ̀ á yọ. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bíi ẹ́ àti ọ̀, ló ń dààmú ènìyàn: lórí fóònù mìíràn, àmì òkè á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù méjì mìíràn láti wò ó.

Mo wá gbé e fún ẹlòmíràn pé kó kà á sókè, èmi ò kà á. Ibi méjì ló ti kọsẹ̀: ibì kan tí mo gbàgbé àmì, àti gbólóhùn kan tó gùn débi pé èémí rẹ̀ tán. Mo gé e sí mẹ́ta. Ìparí kò yọ mí lẹ́nu. Ohun tí mo sọ kẹ́yìn nínú ohùn tí mo gbà ni “ó tó, ebi ń pa mí”. Mo yọ ebi, mo fi “ó tó” sílẹ̀.