Bí ẹ ṣe máa mọ ìwà pàfúùmù fànílà aládùn kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn pàfúùmù tó dùn, tó ní òórùn èso, tí fànílà sì wà nídìí ẹ̀, ẹ gbọ́ o: òórùn tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ lẹ máa gbé délé. Èso ló máa ń kọ́kọ́ jáde torí àwọn èròjà ẹ̀ fúyẹ́, atẹ́gùn tètè ń gbé wọn lọ, kó tó tó ìṣẹ́jú 30 ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti lọ. Fànílà wúwo ní tiẹ̀, kì í kánjú, òun ló máa bá yín dalẹ́, ó tiẹ̀ lè ṣì máa ta sánsán lára aṣọ lọ́jọ́ kejì. Fànílà yẹn gan-an lẹ fẹ́ fowó rà, òun ni kẹ́ ẹ dúró dè.

Ẹ wo pàfúùmù tó ń jẹ́ Yara, tí iléeṣẹ́ Lattafa ní Dubai ń ṣe, ó pọ̀ nígboro dáadáa. Tanjaríìnì pẹ̀lú òdòdó orchid àti òdòdó heliotrope ló ṣíwájú, àwọn èso ilẹ̀ olóoru wà láàrin, fànílà, mọ́sìkì àti igi olóòórùn tí wọ́n ń pè ní sandalwood ló wà nísàlẹ̀. Heliotrope yẹn ló ń jẹ́ kó ní òórùn pọ́dà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn fànílà àmọ́ tẹ́ ẹ kórìíra òórùn pọ́dà, ó lè má bá yín lára mu, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fi ìpara olóòórùn para lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan péré sí ọrùn ọwọ́, torí orí pépà nìkan ò tó, ẹ má sì fọwọ́ ra á o, ìyẹn máa ń jẹ́ kí òórùn àkọ́kọ́ tètè sá lọ. Ẹ máa bá ọjà yín lọ, ẹ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí 3. Ṣé adùn ẹ̀ jọ ṣúgà tí iná ti fẹ́ jó? Èròjà kan tó ń jẹ́ ethyl maltol nìyẹn, òun ló gbé Angel, pàfúùmù iléeṣẹ́ Mugler, jáde lọ́dún 1992. Tó bá pọ̀ jù, nínú dánfó lọ́sàn-án Èkó, á gba gbogbo ọkọ̀, orí á sì máa fọ́ ẹni tó jókòó tì yín. Èmi fẹ́ràn èyí tí òórùn igi díẹ̀ wà nínú ẹ̀, torí òórùn igi ló ń dá adùn yẹn dúró kó má bàa sú èèyàn.

Tẹ́nì kan bá ń búra fún yín pé ojúlówó èso fànílà ló wà nínú ìgò olówó pọ́ọ́kú, ẹ má gbà á gbọ́ jàre. Ní Madagascar, níbi tí wọ́n ti ń gbin fànílà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún òdòdó ẹ̀ lóyún kó lè so, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Edmond Albius, ọmọ ọdún 12 tó wà lóko ẹrú ní erékùṣù Réunion, ṣe fi han ayé lọ́dún 1841. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Vanillin, ìyẹn èròjà tó ń fún fànílà ní òórùn ẹ̀, táwọn ará Jámánì kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe lọ́dún 1874, ló wà nínú ọ̀pọ̀ pàfúùmù, ó sì dáa gan-an, kì í ṣe ayédèrú rárá.

Lílò ẹ̀ wá ńkọ́? Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó, lẹ́yìn ọrùn àti ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá. Nígbà ọyẹ́ ara máa ń gbẹ, òórùn ò sì ní pẹ́ lára, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi òrí tí ò ní òórùn para. Ẹ má fín in sí léèsì funfun láéláé, vanillin máa ń pọ́n, àbàwọ́n ẹ̀ kì í tètè lọ. Tí omi inú ìgò náà bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, kò tíì bàjẹ́ o, bí vanillin ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ ṣáà gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn ò ti ní rí i, ẹ má gbé e sí bálùwẹ̀.