Bí mo ṣe gba ìwé ìtanràn kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì

Ìwé olójú-ewé 40 tí ọmọ iléèwé ń lò ni. Bọ́tà ti rin ẹ̀yìn rẹ̀, fúláwà sì ti há sáàárín ojú ewé. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì alábòójútó, báírò kan sì ń rọ̀ dirodiro lára okùn náà. Orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀, iye. "Pẹ́ dé, 500." "Búrẹ́dì jóná, 3,000." "Fóònù lẹ́nu iṣẹ́, 1,000." Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún bí mi nínú ni "Ó fajú ro, 500."

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni, n'Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ 34. Èmi ni HR, ìyẹn ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà. Kí n má parọ́, oṣù méjì àkọ́kọ́, èmi náà buwọ́ lu ìwé owó oṣù tí wọ́n ti yọ ìtanràn nínú rẹ̀. Mo rí i, mo sì sọ nínú ara mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Oṣù kẹta ni ọmọkùnrin kan tó ń po fúláwà na fóònù rẹ̀ sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àlááàtì yìí." Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 75,000 náírà. Ohun tó wọlé jẹ́ 44,000. Wọ́n ti yọ 15,000 owó tó yá, wọ́n sì yọ 16,000 ìtanràn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún jókòó ti Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Abala 5 rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ ìtanràn nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kódà bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ kó àdánù báni, ó dìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ ìwọ̀nba. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àròpọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta 75,000 jẹ́ 25,000. Ti ọmọ yìí jẹ́ 31,000.

Mi ò gbé òfin lọ bá Alhájì, ọ̀gá wa. Ẹni tó bá ti bá aláàdáni ṣiṣẹ́ rí yóò mọ ìdí. Bí o bá fi òfin ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, ìjà lo wá jà. Ìwé ìtanràn ni mo tú kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ìwé owó oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ akọ̀wé owó, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé. Mò ń fi rúlà tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ojú mi má baà fo. Ọkọ mi ní ṣé mo ti padà sí yunifásítì ni. Nígbà tó máa fi di aago kan òru, àròpọ̀ ìwé ìtanràn jẹ́ 187,500, ohun tí wọ́n yọ lówó oṣù jẹ́ 241,000. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí nílẹ̀ fún 53,500 náírà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ní ọ́fíìsì mi, torí gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀; ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń kó igi sí ni. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyá kan tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá ní, "Ọmọ mi, owó pẹ́-dé tèmi ti di owó orí." Aago mẹ́fà ni iṣẹ́ òwúrọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí mọ́tò tó ń tètè gbéra ládùúgbò rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní tiwọn mú mi lọ sídìí ààrò. Ohun tí wọ́n fi ń wo ooru rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sẹ́nu ààrò, wọ́n á máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Tí ọwọ́ bá lè fara dà á dé èje, wọ́n á ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Bí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le bá ṣèṣì kà á, búrẹ́dì jóná, 3,000.

Mo dúró kí Alhájì ti ìrun Jímọ̀ dé. Iye owó náà ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú wọn, mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n fi fóònù ro ó, wọ́n tún un rò.

"HR, ta ló kó o jẹ?"

"Alhájì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í ná, sà."

Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni ìgbà tí mo ní kí ìtanràn dópin pátápátá. "Tí kò bá sí fáìnì, ta ló máa bẹ̀rù?" Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo tún ṣí i sí èyí tó kẹ́yìn. Àwọn márùn-ún kan náà ló ń pẹ́ dé láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹfà. Mo ní bó bá jẹ́ oògùn ni, ṣé kò yẹ kó ti ṣiṣẹ́? Ìgbà yẹn ni mo wá mú abala 5 jáde, mo sì rán wọn létí pé National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, wà n'Ìbàdàn níbí.

Akọ̀wé owó gba kúẹ́rì, mo fún un ní ọjọ́ méjì. Ó kó ègé pépà wá tó gbe 17,000 lẹ́sẹ̀. Kò rí nǹkan kan sọ sí ìyókù. Alhájì ní kí n dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Mo ní rárá, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sá fún náà nìyẹn. Akọ̀wé owó fúnra rẹ̀ ló mú owó náà wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dá a. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni, wọ́n kàn gbé e kúrò nídìí owó lọ síbi tí wọ́n ti ń pín búrẹ́dì. Títí di òní, inú mi kò dùn sí i.

Ìyókù kò gba wàhálà. Wọ́n ra ohun ìwọn-ooru tuntun sí ààrò. Iṣẹ́ òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, a ó kìlọ̀ fún un lẹ́nu, lẹ́yìn náà lẹ́tà, lẹ́yìn náà kúẹ́rì àti ìjókòó ẹni mẹ́ta níbi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀. A dá 241,000 náà padà láàárín oṣù mẹ́ta.

Ìyá tó ń di búrẹ́dì ṣì ń pẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ó kà á tán, ó yí ẹ̀yìn lẹ́tà náà wò, ó wá bi mí pé, "Èló ni?"