Àpótí Tí Agbọ́n Kọ́lé Sí: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò àti Àtúnṣe Iṣẹ́ Ìjọba

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bá àwọn agbaninímọ̀ràn kan lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, láti yẹ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso níbẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù wa ni pé, ṣé àpótí wà tí aráàlú lè sọ ẹ̀sùn tàbí ìmọ̀ràn sí? Àpótí wà lóòótọ́. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Ẹni tí ó ṣáájú wa fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni", ó sì ṣí ojú ewé kejì. Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé tí ó ń mú wa káàkiri pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó ní wọ́n ti gbé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láti bí ọdún méjì. Nígbà tí mo bojú wo ihò tí wọ́n ń gbà sọ ìwé sínú rẹ̀, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ihò náà sì ti dí pátápátá. Síbẹ̀, àmì orí fọ́ọ̀mù kò yí padà, káńsù náà sì gba máàkì kíkún lórí gbígbọ́ ohùn aráàlú.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n jáde ní yunifásítì ti pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí báyìí. Bí Báńkì Àgbáyé, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ìjọba Ìlú Ọba bá fẹ́ mọ bí ìjọba kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń náwó, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, wọn yóò háyà ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú, tí ó sì mọ ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àṣìṣe tí mo rí, tí èmi náà sì bá wọn ṣe, pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n inú ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde: ìwé ni a máa ń wọ̀n, a kì í wọn iṣẹ́.

Má ṣe fi ìwé pe iṣẹ́

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní PEFA ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àyẹ̀wò owó ìjọba. Ọdún 2001 ni Báńkì Àgbáyé, àjọ IMF, Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè kan dá a sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2016 ní òṣùwọ̀n 31, ó sì ń fi lẹ́tà A títí dé D sọ bí ìjọba ṣe ń ṣètò ìṣúná, bí ó ṣe ń ná an, àti bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó dára, pàápàá nítorí pé ó máa ń béèrè bóyá iye tí a ní a ó ná àti iye tí a ná dọ́gba. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìjọba tí ó bá ti mọ ohun tí a fẹ́ rí lè tò ó sílẹ̀ dè wá. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé gbé ètò SFTAS kalẹ̀ ní ọdún 2018, pẹ̀lú mílíọ̀nù 750 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n sì so owó náà mọ́ àwọn nǹkan bíi gbígbé ìwé ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìpínlẹ̀ tí aráàlú kì í rí ìṣúná wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Èrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbaninímọ̀ràn tí ó bá rí ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì kọ ọ́ pé ìjọba ti ń ṣe ohun gbogbo ní gbangba, ti kánjú. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi ìwé náà béèrè ọ̀rọ̀ rí? Ta ni ó dá a lóhùn?

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a di nǹkan kan mú, kí a sì tẹ̀ lé e láti orísun títí dé ibi tí ó parí sí. Àwọn olùwádìí kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Uganda. Ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀, ìwé owó ní olú ìlú sì ń fi hàn pé owó ń jáde. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà wá lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn, tí wọ́n yẹ ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ wò, wọ́n rí i pé láàrin ọdún 1991 sí 1995, ìpín 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ agbègbè ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù ń há sí. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ó fi ránṣẹ́ sí agbègbè kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ lẹ iye tí ó gbà mọ́ ògiri. Nígbà tí ó fi di ọdún mélòó kan, ohun tí ó ń dé ilé ẹ̀kọ́ ti kọjá ìpín 80. Bí ó bá jẹ́ pé Kampala ni àwọn olùwádìí jókòó sí, tí wọ́n ń fi àmì sí fọ́ọ̀mù, A ni Uganda ì bá gbà lórí owó náà.

Ìbéèrè tí kò yé wọn, ìdáhùn tí kò yé wa

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwa ọmọ onílẹ̀ ni ó yẹ kí a mójú tó o, àwa ni a sì máa ń bà á jẹ́. Wọn yóò kọ ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Àbújá tàbí ní London, wọn yóò fún wa pé kí a túmọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ó sì túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni: "Ǹjẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ yín?" Ìyá kan tí ó ń ta gàrí ní Sábó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run nìkan là ń gbẹ́kẹ̀ lé." Ọmọkùnrin tí ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún wa kọ "rárá". Ohun tí ìyá náà sọ kọ́ nìyẹn. Bí a bá bi í bóyá ó gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, ohun kan náà ni yóò fi dá wa lóhùn. Mo wá tún un béèrè pé, bí páànù orí ọjà bá ń jò, ṣé káńsù ni wọn yóò lọ sọ fún, àbí wọn yóò dáwó láàrin ara wọn? Ìyá gbé kọ́ńgò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ìtàn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wa, pẹ̀lú orúkọ káńsẹ́lọ̀ tí ó ṣèlérí, pẹ̀lú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá nígbà tí wọ́n retí rẹ̀ tì.

"Ìjíhìn" tí àwa atúmọ̀ fẹ́ràn pẹ̀lú, ọjọ́ ìdájọ́ ni ó máa ń gbé wá sọ́kàn àwọn àgbà. "Ìṣirò owó" ni wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe fún akápò tí kò bá lè ka tirẹ̀ síta.

Ti rìbá tún le ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá ó ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí, yóò ní láéláé. Kò purọ́. Lójú tirẹ̀, owó ọkọ̀ ni ó fún wọn, owó omi tútù ni, ó kàn wá nǹkan fún wọn ni. Egúnjẹ ni ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dárúkọ rìbá rárá. Ẹ bi í ní iye gbogbo tí ó ná láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ lọ sí káńsù títí tí ìwé tí ó fi hàn pé ọmọ ìbílẹ̀ ni fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ wá ní kí ó mú rìsíìtì wá. Ẹ yọ owó ọkọ̀ tirẹ̀ àti iye orí rìsíìtì kúrò. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni ẹ ń wá.

Kí ẹ má sì pe àwọn ìyálọ́jà jọ sí ọ́fíìsì alága káńsù láti bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí. Oríkì ni wọn yóò kì.

Má ṣe rán adití ní iṣẹ́ etí

Mo ti ka àbọ̀ púpọ̀ tí ó ní kí alága káńsù ṣe ohun tí òfin kò fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, 33 nínú wọn sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Abala 162 ìwé òfin yẹn ní kí owó wọn gba inú àpò àjọni tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Àjọ tí ó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn ni ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ onípò, òun náà ni ó sì ń gbé wọn kiri. Bí agbaninímọ̀ràn bá wá kọ ọ́ pé kí alága lé àwọn tí kò kún ojú òṣùwọ̀n lọ, kí ó sì gba àwọn mìíràn, ó ti fi ìwé ṣòfò. Ní ọjọ́ 11 oṣù July ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Kí ẹni tí ó fẹ́ tọ́ka sí ìdájọ́ náà kọ́kọ́ jókòó ti akápò káńsù, kí ó bi í ní ọ̀nà tí owó oṣù tí ó kọjá gbà wọlé.

Ìwé ìbí náà tún wà níbẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin ka àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan ti ọdún 1992 gbé e fún Àjọ Ìkànìyàn. Mo ti rí àbọ̀ tí wọ́n ti yọ máàkì káńsù nítorí pé kò ní ìwé àkọsílẹ̀ ìbí, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn jókòó sí yàrá kejì nínú ọgbà kan náà, tí ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun.

Bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ó ṣe àtúnṣe tí ó ṣáájú

Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1974 sí 1975 kò gbàgbé Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí kọ ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa fi èrè iṣẹ́ díwọ̀n òṣìṣẹ́, àti bí ọ̀gá yóò ṣe máa fi ohun tí ó kọ nípa ọmọ iṣẹ́ han ọmọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kúnwó oṣù inú rẹ̀ ni ìjọba tètè san, àjẹsílẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà sì gbówó lórí. Bí ẹ bá dárúkọ Údójì ní ọjà Akẹ̀sán lónìí, owó ni àwọn àgbà yóò rántí. Ìwé náà kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1988, ìjọba ológun sọ akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba di olùdarí àgbà tí yóò bá ìjọba tí ó yàn án lọ. Ìgbìmọ̀ Allison Ayida sì dábàá láàrin ọdún mẹ́wàá pé kí wọ́n dá a padà. Ìgbìmọ̀ Oronsaye dábàá ní ọdún 2012 pé kí àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ dín kù láti 263 sí 161, ó sì di oṣù February ọdún 2024 kí ìjọba tó kéde pé òun yóò mú un lò. Òṣìṣẹ́ tí ó ti rí gbogbo èyí yóò máa mi orí sí ọ̀rọ̀ yín, yóò sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Kò yọ̀lẹ. Ó mọ̀ pé ẹ̀yin ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn kéékèèké tún wà: sẹminá ní òtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn, níbi tí ọ̀gá mẹ́ta ti gba owó ìrìnnà nígbà tí akọ̀wé tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an wà nílé; kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà fún ọ́fíìsì tí kò ní iná, tí wọ́n wá fi aṣọ bò; ìlànà ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n gbé wá láìgbé ohun tí ó mú un ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá. Imihigo, ìyẹn àdéhùn iṣẹ́ tí àwọn olórí agbègbè ń ṣe ní Rwanda láti ọdún 2006, inú àṣà ìbúra àtijọ́ wọn ni wọ́n ti mú un jáde, ojú ààrẹ sì ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Ọ̀yọ́ tí ó ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí ó mọ bí a ti ń ká ọba lọ́wọ́ kò, tí ó sì mọ ikú Gáà pẹ̀lú, kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kàn nílò láti bá wọn sọ ọ́ láti ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku àbọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó san owó kí ẹ tó kà á fún àwọn tí ẹ kọ ọ́ nípa wọn, ní èdè tí wọ́n ń sọ ní ẹnu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ìwé àdéhùn pé a kò ní san owó ìkẹyìn títí èyí yóò fi wáyé. Ní káńsù alápòótí yẹn, èmi ni mo bẹ ọ̀gá wa pé kí a ṣe é. A jókòó sí gbọ̀ngàn wọn, mo ń ka ìwé ní Yorùbá, mo sì dé ibi tí a ti kọ ọ́ pé wọn kì í dá aráàlú lóhùn láàrin ọjọ́ méje tí òfin ọdún 2011 fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá béèrè ìròyìn. Akọ̀wé tí ó mú wa káàkiri ní ọjọ́ kìíní dìde, ó ní, "Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìwé kankan kò dé orí tábìlì wa. Inú àpótí yẹn ni wọ́n ń sọ wọ́n sí."

Wọ́n wá òòlù, wọ́n fọ́ àgádágodo. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ẹ̀yìn ọjà.